Òpó Mápó Lórí Aṣọ: Àwòrán Tí Kò Ní Àkọ́kọ́

Ẹni tó bá dúró ní Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, tí ẹnjiníà Robert Jones, ẹni tí wọ́n ń pè ní Taffy, kọ́, tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 1929, yóò máa wo òrùlé páànù tó ti dógùn-ún ní Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ nísàlẹ̀ òkè. Nínú adìrẹ ẹlẹ́kọ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn, kò sí òkè yẹn, kò sí òrùlé kankan. Òpó gbọ̀ngàn náà nìkan ló kù, ó tò sínú àpótí kan, ṣíbí sì wà láàárín òpó kan sí èkejì. Àwọn obìnrin Ìbàdàn fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán yìí láyàtúnyà, ọmọ ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ìyá, débi pé ọ̀pọ̀ òǹwòye kà á sí ẹ̀dà lásán, wọ́n sì ń wá ibi tí ojúlówó wà. Mo gbà pé ìwákúwàá ni. Aṣọ kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ náà gan-an, ìpinnu tí ọwọ́ ń ṣe nígbà tó bá ń tún un yà sì ni ọnà rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ló jẹ́rìí sí èyí. Abala aṣọ funfun méjì ni wọ́n ń rán pọ̀ di ìró kan. Aládìrẹ á pín in sí àpótí àpótí, á wá fi ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sè ya ohun tó fẹ́, láìkọ́kọ́ fi pẹ́ńsù là á sílẹ̀. Bí òpó àkọ́kọ́ bá gbà ju àyè rẹ̀ lọ, ṣíbí tó tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ tín-ínrín. Bí ẹnu ìyẹ́ bá ń rọ̀, ìlà á máa nípọn, ọwọ́ á sì wá ọgbọ́n dá sí i kí àpótí náà má baà wúwo lápá kan. Lẹ́yìn èyí ni aláró á gbà á, á rì í sínú ìkòkò aró ẹ̀lú, á sá a, á tún rì í, títí ilẹ̀ aṣọ á fi dú. Ẹ̀kọ kì í dí aró lọ́nà pátápátá, nítorí náà ìlà kì í funfun báláú. Àyìnrín ló máa ń jẹ́. Iye ìgbà tí aṣọ wọ ìkòkò ló ń sọ bóyá òpó Mápó á yọ gedegbe tàbí á rì mọ́ ilẹ̀ dúdú. A ti rí i báyìí pé ìpinnu ẹni méjì, ó kéré tán, ló wà nínú ìró kan, kò sì sí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ lórí aṣọ àná tí wọ́n kàn ń gbé wá.

Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ àwòrán ilẹ̀ àti òkè bí àwọn ará Yúróòpù ṣe ń yà á lè ní èyí kò jọ Mápó rárá, àti pé àwòrán ibì kan gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ wá. Ẹ wo Edward Wilson, dókítà àti ayàwòrán tó bá Scott, aṣáájú ìrìn-àjò ìwádìí, lọ sí ìpẹ̀kun gúúsù ayé, tó sì kú pẹ̀lú rẹ̀ lọ́nà àbọ̀ ní 1912. Yìnyín kò jẹ́ kó lè fi omi po àwọ̀ níta. Pẹ́ńsù ló fi ń ya ìlà, á kọ orúkọ àwọ̀ sí i lára, kó tó padà wọlé lọ kùn ún. Àwòrán tí gbogbo ayé ń pè ní ojúlówó ti gba inú àkọsílẹ̀ àti ìrántí kọjá kó tó di àwòrán. Ohun tí Wilson ń wá ni bí òfuurufú ṣe rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ohun tí aládìrẹ ń wá ni àmì tí ará Ìbàdàn á fi dá ilé náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Òpó tó fún un. Ti ṣíbí ló tilẹ̀ wú mi lórí jù: ilé ìjọba àti ohun èlò inú ilé gba àyè kan náà, wọ́n ga bákan náà. Àwọn kan á fẹ́ kà á sí ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe òyìnbó. Orúkọ aṣọ náà kò gbè wọ́n, nítorí ìyìn ìlú ló jẹ́. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àwọn obìnrin yìí gba gbọ̀ngàn náà wọlé, wọ́n sì fi í sí ipò tí wọ́n fẹ́.

Àtakò tó le jù ni ti òwò: bí yíyà léraléra fún títà bá jẹ́ ọnà, kí ló dé tí bátànì páànù tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ sórí aṣọ ní Abẹ́òkúta, àti aṣọ ilé iṣẹ́ tó ń fara wé adìrẹ lónìí, kò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀? Bátànì páànù jẹ́ ọnà lóòótọ́. Aṣọ Ọlọ́ba tí wọ́n fi ṣe ìrántí júbílì Ọba George Karùn-ún ní 1935 fi ìmọ̀ tó jinlẹ̀ hàn, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n gé páànù ni ìpinnu tó pọ̀ jù lọ parí. Ní ti aṣọ ẹ̀rọ, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè yí ṣíbí kan padà nítorí òpó tó ṣáájú rẹ̀. Owó kò ba ti ẹlẹ́kọ jẹ́. Oníbàárà tó mọ aṣọ ló ń béèrè pé kí ìlà tẹ́jú, kí àpótí kún. Ìwé Jane Barbour àti Doig Simmonds lórí adìrẹ, tó jáde ní Ìbàdàn ní 1971, ṣe wá lóore, nítorí ó kó orúkọ àwọn àwòrán jọ. Iṣẹ́ tó kàn fún lámèyítọ́ ni kó tẹ́ Ìbàdàndùn méjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó wo ìdí òpó, ẹnu ṣíbí, àti bí àyìnrín ṣe mọ́lẹ̀ tó, kó sì sọ èyí tó dára jù àti ìdí rẹ̀.