Orin Tí Kò Ki Olówó

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó fún ẹ̀dá ní etí àti ahọ́n. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé àwa tí a fi kéú ṣe iṣẹ́ ní Ajégúnlẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí olórin. Ẹni tó bá ṣi ẹjọ́ dá, ó yẹ kó padà wá tún un dá. Àwa ṣi ẹjọ́ kan dá, ìdí nìyẹn tí a fi mú gègé.

Ní ọjọ́ kan, a wọ dánfó ní Boundary, a ń lọ sí Wharf Road ní Àpápá. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà èbúté náà mọ ohun tí trélà máa ń fi ojú èrò rí níbẹ̀. Trélà wà níwájú wa, táńkà wà lẹ́yìn wa, ọkọ̀ ò lè yí. Ọmọ tó ń wakọ̀ wá tẹ orin. A ti ń múra láti sọ fún un pé kó dín in kù, nítorí a rò pé ariwo ló fẹ́ tú lé wa lórí. Ṣùgbọ́n gìtá kan ni a gbọ́, jẹ́jẹ́, ìlù tẹ̀ lé e láìkánjú, ọkùnrin kan wá ń kọrin bí ìgbà tí bàbá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ẹní, àwọn obìnrin sì ń gbè é. Yorùbá ni, Yorùbá tó dá ṣáká. A bi ọmọ náà pé ta ni. Ó wò wá nínú dígí, ó ní, "Beautiful Nubia ni, Ààfáà. Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?" Orúkọ orin náà ni Òwúrọ̀ l'ọjọ́.

Ibẹ̀ ni ojú ti tì wá. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọbìnrin kan ń kọ orin yìí gan-an bó ti ń gbálẹ̀ ilé-kéú wa. A jágbe mọ́ ọn, a ní orin ayé kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ọmọ dákẹ́. A kò bi í léèrè ohun tí orin náà ń wí.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wá orin ọkùnrin yìí kiri. Tuntun ni létí wa, kì í ṣe tuntun láyé. Ṣẹ́gun Akínlolú ni orúkọ rẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí i ní 1968, ìṣègùn ẹranko ló sì kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di pé orin gbà á lọ́wọ́ iṣẹ́ náà. Ó gbé ní Kánádà fún ọdún púpọ̀. Roots Renaissance Band ni orúkọ ẹgbẹ́ tó ń bá a lù. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Seven Lifes, jáde ní 1997. Jangbalajugbu jáde ní 2002, òmíràn sì ti jáde lẹ́yìn wọn. EniObanke ni ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin náà jáde, òun fúnra rẹ̀ ló sì dá a sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ yìí, nítorí Wharf Road tí ọkọ̀ wa dúró sí lọ́jọ́ náà mọ̀ nípa rẹ̀. Títì yẹn ni ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI wà nígbà kan. Ibẹ̀ ni Paul McCartney, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles, wá ní 1973 láti gba ohùn púpọ̀ nínú àwo Band on the Run sílẹ̀. Fẹlá fi ẹ̀sùn kàn án pé orin Áfíríkà ló wá jí kó, àfìgbà tí àlejò náà gbé orin rẹ̀ sí i létí pé kó gbọ́ bóyá ohun ìní Áfíríkà wà nínú rẹ̀. Ìjà náà ti parí tipẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè inú rẹ̀ kò parí: ta ló ni orin? Láyé ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ ńlá ló ni ẹ̀rọ, òun ló sì ń sọ ohun tó máa tà. Olórin tí kò bá sí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ a máa wà lọ́wọ́ olówó tó ń ná owó fún un lóde àríyá.

Akínlolú yan ọ̀nà kẹta. Nínú gbogbo èyí tí a ti gbọ́, a kò gbọ́ ibi tó ti ki olówó kankan. Kò dárúkọ alága, kò dárúkọ ìyálọ́jà. Nítorí èyí ni a kì í fi í gbọ́ ọ lóde ìnáwó. Ṣùgbọ́n nítorí èyí náà ni ọ̀rọ̀ fi rí àyè jókòó nínú orin rẹ̀. Ẹni tí kò ní orúkọ aláwìn láti kà, àfi kó ronú.

Ẹ wo Òwúrọ̀ l'ọjọ́ fúnra rẹ̀. Òwe àtijọ́ ni àkọlé yìí. Àwa náà máa ń pa á fún àwọn ọmọ kéú, pàṣán lọ́wọ́ wa. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí àwa bá pa á, ọmọ á wo pàṣán. Nígbà tí ọkùnrin yìí bá kọ ọ́, ọmọ á gbé e lọ sílé. Ní Ajégúnlẹ̀ wa yìí, níbi tí ẹ̀yà gbogbo ti pàdé, pijin ni àwọn ọmọ fi ń ṣeré, fi ń jà, fi ń lá àlá. Galala tí àwọn Daddy Showkey àti Baba Fryo fi sọ àdúgbò wa di olókìkí, pijin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. A kò bú wọn. Wọ́n sọ ìyà ojú wa bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó fẹ́ gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ nínú orin tí kì í ṣe ti ìnáwó, níbo ni yóò ti gbọ́ ọ? Èyí ni ààlà tí orin yìí dí.

A kò ní tìtorí ìfẹ́ di afọ́jú. Àwọn orin tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ kò dọ́gba pẹ̀lú ti Yorùbá létí wa. Èrò inú wọn dára, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń jọ ìwáàsù ju orin lọ. Òwe kò sí níbẹ̀ láti gbé ọ̀rọ̀ fò. Bákan náà, ẹni tó bá gbọ́ àwo kan láti orí dé ìdí yóò rí i pé ẹsẹ̀ kan náà ni ìlù ń gbé lọ́pọ̀ ìgbà. Orúkọ Beautiful Nubia náà kò tíì yé wa tó: ẹni tó mọ orúkọ sọ orin báyìí, kí ló dé tó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ara rẹ̀?

Àwọn kan yóò ní, "Ààfáà, ṣé orin ló kù?" Àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí ohun èlò orin tipẹ́, a kò ní tún ìjà náà jà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Ànábì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní akéwì, Hassan bin Thabit. Ẹ rántí pé wéré tí àwọn ọmọ wa fi ń jí àwọn ènìyàn sáàrì ni Síkírù Àyìndé Barrister ti bẹ̀rẹ̀ kó tó sọ ọ́ di fújì. Súrà kan sì wà nínú Àlùkùránì tó ń jẹ́ Súrà àwọn Akéwì, ìyẹn súrà 26. Ní òpin rẹ̀, láti ẹsẹ 224 dé 227, ó bá akéwì tó ń sọ ohun tí kì í ṣe wí, ó sì yọ àwọn mìíràn sọ́tọ̀ nítorí ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́ rere wọn. Ọdọọdún ni à ń kọ́ àwọn ọmọ ní súrà yìí. Síbẹ̀ nígbà tí ọmọ kọrin lójú wa, a kò yẹ ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Àpapọ̀ ni a dá wọn lẹ́jọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a pe ọmọbìnrin náà síwájú kíláàsì. Ẹ̀rù bà á, ó rò pé ẹ̀ṣẹ̀ àná ni. A ní kó sọ ohun tí òwúrọ̀ lọjọ́ túmọ̀ sí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ tán ní gbólóhùn mẹ́ta, ó sì yé wọn ju bí àwa ti ń sọ ọ́ láti ọdún yìí wá. A gbé pàṣán sí abẹ́ tábìlì, a ní kí wọ́n ṣí wàláà.

Ọlọ́hun ni Onímọ̀ jùlọ.