Ta Ni Ó Fi Pàṣán Lé E Lọ́wọ́? Èrò Àwọn Òǹgbọ́ lórí Àwo Orin Moral Instruction ti Falz

Ní ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 2019, nígbà tí ìbò gbogbogbòò orílẹ̀-èdè Nàìjíríà kù bí oṣù kan, Fọlárìn Fálànà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Falz, gbé àwo orin rẹ̀ kẹrin jáde, ó sì pè é ní Moral Instruction. Àwa olùkọ́ mọ orúkọ yìí dáadáa. Orúkọ iṣẹ́ tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ìwà rere nílé ẹ̀kọ́ ni. Kò pẹ́ tí orin náà fi dé ọ̀dọ̀ wa ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, láti Ìjerò dé Aramọkọ, láti Aramọkọ gba Ìtàwúrè dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Àwọn ọmọ ń gbọ́ ọ lórí fóònù. Inú ọkọ̀ ni àwa àgbà ti ń gbọ́ tiwa. Ẹnu àwọn òǹgbọ́ kò kò lórí rẹ̀ rárá, títí di òní. Àwọn tí ń múra ìdánwò sílẹ̀ sì máa ń bi mí léèrè pé èwo nínú èrò wọ̀nyí ni a lè pè ní iṣẹ́ lámèyítọ́, èwo sì ni ẹjọ́ lásán? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ dáhùn.

Aláwàdà tí ó yí ojú padà

Kí a tó gbé èrò àwọn òǹgbọ́ yẹ̀ wò, ó yẹ kí a mọ irú ẹni tí ń kọrin. Ìlú Èkó ni a bí Falz sí ní ọdún 1990, ṣùgbọ́n ọmọ Èkìtì ni bàbá rẹ̀, Amòfin Àgbà Fẹ́mi Fálànà, ọmọ Ìláwẹ̀, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbèjà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nílé ẹjọ́. Falz náà kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di amòfin ní Nàìjíríà ní ọdún 2012. Orin tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní hip-hop, tí àwa ń pè ní orin tàkasúfèé, ni ó wá yàn láàyò.

Àwàdà ni a fi mọ̀ ọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀. Nínú Wazup Guy tí ó jáde ní ọdún 2014, ó gbé ohùn ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yanjú wọ̀ bí ẹ̀wù, ó sì ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ahọ́n Yorùbá ti tẹ̀ kọrọdọ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Irú ipa bẹ́ẹ̀ ni ó kó nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n nì, Jenifa's Diary, tí ó fi gba ẹ̀bùn AMVCA ti òṣèrékùnrin aláwàdà ní ọdún 2016.

Oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ojú rẹ̀ yí padà gidi, nígbà tí ó gbé This Is Nigeria jáde, tí ó fi ṣe àwòkọ́ iṣẹ́ akọrin Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Childish Gambino. Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan bínú nítorí àwọn ọmọbìnrin oníhíjáàbù tí ń jó nínú fíìmù orin náà. Akọrin ní àwọn ọmọbìnrin Chibok tí a jí gbé ni wọ́n dúró fún. Nínú ọdún kan náà, àjọ ìjọba tí ń mójú tó ètò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ bu owó ìtanràn lé ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní ìlú Jos nítorí orin yìí. Nítorí náà, nígbà tí Moral Instruction dé, kì í ṣe aláwàdà àná ni ó padà wá bá wa. Ẹni tí ó mú pàṣán lọ́wọ́ ni. Orin mẹ́sàn-án ni ó wà nínú àwo náà. Ó na ọlọ́pàá tí ń yìnbọn, ó na olóṣèlú, ó na oníwàásù tí ń jẹun lórí àwọn ọmọ ìjọ, ó na àwọn ọ̀dọ́ tí ń tẹ̀lé ogunlọ́gọ̀ láìronú.

Ohun tí àwọn òǹgbọ́ wí

Inú yàrá àwọn olùkọ́ ni mo ti gbọ́ èrò kìíní. Àgbàlagbà kan láàárín wa ní ọmọdé kì í na pàṣán sí àgbà, ohun yòówù kí àgbà ṣe. Ẹlòmíràn fi orúkọ ọmọ náà dá àpárá. Ó ní Fọlárìn ni, ọlá bàbá rẹ̀ ni ó fi ń rìn. Ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Amòfin Àgbà ni ó lè bú ìjọba tán kí ó sì sùn sílé ara rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo ti gbọ́ èrò kejì. Ìlù àti ẹ̀dà ọ̀rọ̀ inú orin tí a ń pè ní Talk ni wọ́n fẹ́ràn jù. Mo bi wọ́n léèrè pé ta ni akọrin ń bá wí. Ọ̀kan ní olóṣèlú ni, òmíràn ní pásítọ̀ ni, ẹ̀kẹta ní àwọn àgbà tí ó ba ayé jẹ́ ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní, "Èmi ni."

Èrò kẹta wá láti ẹnu ìyáàfin kan tí ń kọ́ni ní Ìjerò. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ná, bí ọmọbìnrin bá ta ara rẹ̀, ṣé kò sí ẹni tí ó rà á ni? Kí ló dé tí ẹni tí ó tà nìkan ń jẹ pàṣán?" Òun nìkan kọ́ ni ó wí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin jákèjádò Nàìjíríà ni ó bá Falz fa ọ̀rọ̀ yìí nígbà náà, ṣùgbọ́n kò yí ohùn padà.

Èrò kẹrin kò gùn. Inú ọkọ̀ tí ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n láti Aramọkọ ni mo wà tí awakọ̀ fi orin Johnny sí i, orin ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìbọn ọlọ́pàá pa. Gbogbo wa dákẹ́. Màmá kan tí ó jókòó sẹ́yìn kò gbọ́ èdè tí a fi kọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó gbọ́ orúkọ náà léraléra, ó sì fi ohùn Èkìtì bèèrè pé, "Ọmọ yèsí?" Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn.

Òṣùwọ̀n orin ẹ̀fẹ̀

Nínú gbogbo lítíréṣọ̀ alohùn wa, orin ẹ̀fẹ̀ ni ó sún mọ́ iṣẹ́ yìí jù lọ. Ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, òru ẹ̀fẹ̀ ni ó máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí akọrin a sì tú àṣírí oníwà ìbàjẹ́ lójú agbo. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ Òkèbàdàn ni a máa ń bú ènìyàn láìsí ìbínú. Àwọn tí ó mọ àṣà wọ̀nyí mọ̀ pé ọjọ́ orí kọ́ ni ó ń fún akọrin láṣẹ. Nǹkan mẹ́ta ni. Ó gbọ́dọ̀ júbà àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Pàṣán rẹ̀ gbọ́dọ̀ kárí, títí kan ara rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di wàhálà, kò gbọdọ̀ sá fi ìlú sílẹ̀. Mo rò pé òṣùwọ̀n tí ó yẹ iṣẹ́ Falz nìyí, ju kí a máa wádìí iye ọdún rẹ̀ tàbí ilé tí ó ti wá.

Ti ìjúbà kọ́kọ́ yanjú. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ni ó júbà. Lemi Ghariokwu, tí ó ya àwòrán sí èèpo ọ̀pọ̀ àwo Fẹlá, ni ó ya ti èyí náà. Orin Follow Follow mú ohùn Zombie wọlé. Amen mú ti Coffin for Head of State, orin tí Fẹlá fi sọ ti pósí tí wọ́n gbé lọ sí Dodan Barracks lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú Johnny ni ọgbọ́n ọnà rẹ̀ ti hàn jù lọ. Ní ọdún 1977, Fẹlá kọ Johnny Just Drop láti fi bú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, tí ó ń fi àṣà àjèjì yangàn. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà nígbà náà ni pé Johnny ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Falz gba ọ̀rọ̀ kan náà, ó sì yí i padà: Johnny tirẹ̀ ṣubú lulẹ̀, kò dìde mọ́. Ọ̀rọ̀ pọ́nna ni èyí, ẹni tí ó mọ orin Fẹlá ni yóò sì jẹ adùn rẹ̀ tán. A ti ń rẹ́rìn-ín kí a tó mọ̀ pé òkú ni ó wà nílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé bí akọrin ṣe ń yá ọ̀rọ̀ lò láìjẹ́ olè, àpẹẹrẹ rere nìyí.

Ti pé kí pàṣán kárí ni ó kù díẹ̀ káàtó. Akọrin gbìyànjú: orin kan wà nínú àwo náà tí ń jẹ́ Hypocrite, tí ó fi sọ pé àgàbàgebè kún àárín gbogbo wa. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyáàfin Ìjerò dúró gbọin. Àléébù gidi ni, nítorí nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó wà, kò sí ní ìdílé akọrin. Ẹ̀fẹ̀ tí ó bá na ẹni tí ó tà tí ó sì dá ẹni tí ó rà sí kò tíì di ìdájọ́. Èrò ìyáàfin yìí ni mo lè pè ní lámèyítọ́. Ti "ọlá bàbá rẹ̀" kì í ṣe lámèyítọ́, àpárá ni, bí ó tilẹ̀ dùn mọ́ wa létí.

Ọdún 2020 ni ó dáhùn ẹ̀kẹta. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹwàá, ọdún náà, Falz àti akọrin ẹgbẹ́ rẹ̀, Runtown, kó àwọn ọ̀dọ́ jáde ní Èkó láti fẹ̀hónú hàn sí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn. Ní ọjọ́ 11, ìjọba kéde pé àwọn ti tú ẹ̀ka náà ká. Ní ọjọ́ 20, ìbọn dún ní Lẹ́kì. Ẹni tí ó kọ Johnny ní ọdún 2019 kò jókòó sílé nígbà tí àwọn Johnny mìíràn wà lójú títì. Lẹ́yìn èyí, mo ṣàkíyèsí pé ẹni tí ó dá àpárá "Fọlárìn" nínú yàrá wa kò dá a mọ́.

Ọ̀rọ̀ àgbà àti ọmọdé

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a fojú kékeré wo ẹ̀rù tí ń ba àwọn àgbà. Ìtàn Ifá tí ó kan ilẹ̀ wa níhìn-ín ni wọ́n gbójú lé. Alárá àti Ajerò wà lára àwọn ọmọ Ọ̀rúnmìlà tí ó wá kí bàbá wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Olówò nìkan ni ó kọ̀, ó ní òun náà dé adé bí bàbá òun ti dé e. Ọ̀rúnmìlà bínú gòkè ọ̀run, ayé sì dàrú: aboyún kò bí, àgàn kò bímọ. Àwọn àgbà ní ohun tí ń bẹ nínú bíbú àgbà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn náà dáadáa. Nítorí adé orí ara rẹ̀ ni Olówò ṣe kọ̀ láti kí bàbá. Ọlá tirẹ̀ ni ó ń jà fún. Òkú tí kò lè sọ̀rọ̀ ni Johnny ń sọ̀rọ̀ fún. Ẹni tí ó bá gbójú sókè nítorí ara rẹ̀ àti ẹni tí ó gbóhùn sókè nítorí ẹlòmíràn kò dọ́gba, bí ohùn wọn tilẹ̀ ga bákan náà. Níbi tí Falz bá ti fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ jù, kí a bá a wí. Níbi tí ó ti ń gbẹnu sọ fún ẹni tí ó kú, kí a gbọ́ ọ.

Àléébù kan ṣì kù tí olùkọ́ Yorùbá kò lè ṣàì mẹ́nu bà. Àdàmọ̀dì Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú àwo náà. Mo mọ ìdí rẹ̀: ó fẹ́ kí ará Kánò àti ará Calabar gbọ́ òun. Ṣùgbọ́n Màmá inú ọkọ̀ kò gbọ́. Òun sì ni ó béèrè ìbéèrè tí gbogbo orin náà dá lé lórí.

Àgbálọgbábọ̀

Lẹ́yìn ìjíròrò yìí, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ orin ẹ̀fẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá, ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù fi ara rẹ̀ ṣe ẹni tí a ń bú. Wọ́n rojú. Ọ̀kan kọ ọ́ nípa bí ó ṣe ń jí ìwé wò nínú ìdánwò. Ní ìparí orin rẹ̀, ó ní olùkọ́ kan ń bẹ tí ó máa ń yíjú sí fèrèsé ní wákàtí náà, bí ẹni ń wòye òjò. Kíláàsì kò rẹ́rìn-ín, èmi náà kò sì rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àkọlé àwo náà kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, bí a bá ní kí ẹ ṣe lámèyítọ́ orin tí ń báni wí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ilé bàbá akọrin. Ẹ béèrè ẹni tí ó júbà àti bí ó ṣe lo ohun tí ó yá. Ẹ béèrè ẹni tí pàṣán rẹ̀ kàn àti ẹni tí ó fò dá. Ẹ béèrè ibi tí ó wà nígbà tí ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ìlú. Ní ti Falz, ó yege nínú èkínní àti ẹ̀kẹta, ó sì jẹ gbèsè nínú èkejì. Ní ti àwa òǹgbọ́, gbèsè tiwa ni pé a kò tíì dá Màmá inú ọkọ̀ lóhùn.