"Èmi ni" kì í ṣe ìdáhùn: ìbéèrè kan tí SSH máa ń bi wá

Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn lóru, tí ẹ bèèrè pé "Ta nìyẹn?", tí onítọ̀hún dáhùn pé "Èmi ni", ṣé ẹ máa ṣí i? Ohun tí àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè máa ń sọ ni pé "èmi" kò ní ẹnì kan pàtó tó ń tọ́ka sí. Ẹnikẹ́ni tó bá la ẹnu ló ni ín. Ohùn la fi ń dá ẹni náà mọ̀, bó bá jẹ́ ohùn tí etí wa ti gbọ́ rí.

Ìbéèrè ẹnu ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, bó ṣe wà nínú SSH, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣàkóso sáfà tó wà lọ́nà jíjìn. Ìbàdàn ni mo wà. Jámánì ni sáfà tí mo kó àkójọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ka-èdè wa sí wà. Mi ò fojú kàn án rí. Ohun tó bá kọ sójú kọ̀ǹpútà mi nìkan ni mo mọ̀ nípa rẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ fún irinṣẹ́ yìí ní ìyìn tó tọ́ sí i. Ṣáájú rẹ̀, Telnet ni ọ̀pọ̀ ń lò. Gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀, títí kan pásíwọ́ọ̀dù, ìhòòhò ló ń rìn lórí wáyà. Ẹ rántí àlọ́ Ajá tó fi ìyá rẹ̀ pamọ́ sọ́run nígbà ìyàn. Orin ni Ajá máa ń kọ kí ìyá rẹ̀ tó ta okùn sílẹ̀. Ìjàpá fetí kọ́ orin náà, òun náà lọ kọ ọ́, okùn sì wálẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù orí Telnet nìyẹn: ẹni tó bá ti gbọ́ ọ ti ní in. Irú olè bẹ́ẹ̀ ló kó pásíwọ́ọ̀dù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Helsinki ní Finland, ohun tó mú kí Tatu Ylönen, olùwádìí níbẹ̀, kọ SSH lọ́dún 1995. SSH máa ń fi àṣírí bo ọ̀rọ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Ó tún fún wa ní kọ́kọ́rọ́ méjì: ọ̀kan tí sáfà mọ̀, ọ̀kan tí kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni la fi ń buwọ́ lùwé. Òun fúnra rẹ̀ kì í rìn lójú ọ̀nà. Ìjàpá ò rí orin kankan kọ́ níbẹ̀.

Ìyẹn dáa. Àmọ́ ta ló mọ̀ bóyá ìyá Ajá gan-an ló wà lókè okùn? Ibi tí mo ti bá SSH jà nìyí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá kàn sí sáfà kan, ó máa sọ fún yín pé òun ò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí ẹ ń wá nìyí, á kọ ìtẹ̀ka kọ́kọ́rọ́ sáfà náà síwájú yín, àmì 43 tí kò jọ ọ̀rọ̀ kankan, á wá bèèrè bóyá ó dá yín lójú pé ẹ fẹ́ máa bá a lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe inú ìbéèrè yẹn dáadáa. "Fẹ́" ni, kì í ṣe "mọ̀". Mo fẹ́ kẹ̀! Kí ni mo tan kọ̀ǹpútà sí? Ìbéèrè tó yẹ ni "Ṣé ìtẹ̀ka yìí bá èyí tí wọ́n fún ọ mu?" Lábẹ́ rẹ̀ ni ohun tí ìbéèrè náà gbà pé ó ti ṣẹlẹ̀ wà: pé ẹnì kan ti fún mi ní ìtẹ̀ka ọ̀hún tẹ́lẹ̀. Iléeṣẹ́ tí mo gba sáfà lọ́wọ́ rẹ̀ fi àdírẹ́sì àti pásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí mi. Wọn ò fi ìtẹ̀ka sí i. Láti 2019, OpenSSH ti gbà pé kí a lẹ ìtẹ̀ka tí a ní lọ́wọ́ mọ́ ibẹ̀ dípò "yes". Bí kò bá bá a mu, kò ní wọlé. Ìdáhùn tí ẹni tó mọ̀ nìkan lè fún un nìyẹn. Àmọ́ "yes" ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ wa sì ti mọ́ ọn lára.

Lóṣù tó kọjá, ìkìlọ̀ ńlá yọ sí mi: ìdánimọ̀ sáfà ti yí padà. Látẹ̀yìn wá, ńṣe ni mo máa ń pa ìlà àtijọ́ rẹ́ kí n sì máa bá tèmi lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dúró. Ohùn àwọn àgbà tó ti papò dà ni mo fẹ́ gbé lọ síbẹ̀. Bí olè bá dúró láàrin, kò lè fi ìbuwọ́lùwé mi wọ sáfà tòótọ́, àmọ́ gbogbo ohun tí mo bá gbé lọ, ọwọ́ rẹ̀ ló máa já sí. Mo pe iléeṣẹ́ náà. Ọmọkùnrin kan dá mi lóhùn: "Bàbá, ẹ kàn tẹ yes, kò sí wàhálà. A tún ẹ̀rọ yẹn tò ni."

Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Àmọ́ "Èmi ni" náà ni mo gbọ́ létí. Mo ní kó ka ìtẹ̀ka rẹ̀ fún mi láti orí ẹ̀rọ náà. Ó mí kanlẹ̀, ó lọ wò ó, ó sì ń kà á lórí fóònù, èmi náà ń fi pẹ́ńsù sàmì sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí kékeré, títí gbogbo 43 fi pé. Wọ́n bára mu. Ìgbà náà ni mo tẹ "yes".