Idà Lára Ògiri, Àdá Lọ́wọ́ Àgbẹ̀

N kò rí ohun tó burú nínú kí ènìyàn máa kó idà àti àdá ayé àtijọ́ jọ. Ohun tí mo ń ta kò ni ojú tí ọ̀pọ̀ olùkójọ fi ń wo irin. Èèkù tí a gbẹ́ ọnà sí ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Ẹnu irin, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ṣiṣẹ́, kò jọ wọ́n lójú.

Ẹ jẹ́ kí á gbé eben ilẹ̀ Bìní yẹ̀ wò. Ní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Ọba Ovonramwen, tí ẹrù ibẹ̀ sì fọ́n ká ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun. Eben wà lára ohun tí a ń wò níbẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì. Bẹ́ẹ̀, idà ijó ni: ìjòyè a máa jù ú sókè, a sì máa fi í jó, láti fi bu ọlá fún Ọba. Ẹni tó rí i ní ìdúró gbọn-in kò tí ì rí i. Ní ti Ọ̀yọ́, Samuel Johnson, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1921, ṣàlàyé pé Aláàfin kò ní àṣẹ láti ní kí a pa ènìyàn títí a ó fi fi idà tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá lé e lọ́wọ́. Àṣẹ ni idà náà kí ó tó jẹ́ irin.

Bí a bá kúrò láàfin tí a bọ́ sóko, ní agbègbè Lálúpọn níhìn-ín, àdá ni ọ̀gá. Òun la fi ń ṣán igbó, òun la fi ń fọ́ kókó. Bí àgbẹ̀ ti ń pọ́n ọn ló ń tín-ín-rín, títí alágbẹ̀dẹ yóò fi rọ ọ́ di ọ̀bẹ. Nígbà rògbòdìyàn Àgbẹ̀kọ̀yà ní 1968 sí 1969, tí owó orí wọ àwọn àgbẹ̀ lọ́rùn, irinṣẹ́ yìí kan náà di ohun ìjà. Ní kóòtù, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ a máa fi irin búra, nítorí Ògún. Oko, ogun, ìbúra: irin kan náà ni.

Olùkójọ lè wí pé ọ̀pọ̀ àdá oko kì í tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wa, pé ilé-iṣẹ́ Martindale ní Birmingham ló rọ èyí tó ní àmì ọ̀nì lára. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló sọ ọ́ di tiwa bí kò ṣe ọwọ́ tó lò ó?

Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ẹni tó gba àdá lọ́wọ́ àgbẹ̀ láìbéèrè ẹni tó rọ ọ́, ohun tó gé, àti ẹni tó jogún rẹ̀, ilé àdá náà ló wó. Kí olùkójọ kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ sílẹ̀, kí ó tó san owó irin.