Jíjẹ àti Mímu gẹ́gẹ́ bí Àmì nínú Ìwé Jòhánù Orí Kẹfà: Àyẹ̀wò Èdè Bíbélì Mímọ́

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀nà tí Bíbélì Mímọ́ ń gbà fi jíjẹ àti mímu sọ̀rọ̀ nípa ohun tí kì í ṣe ti ikùn. Orí kẹfà ìwé Jòhánù ni a ó fi ṣe òpó, nítorí pé ibẹ̀ ni àmì náà ti wúwo jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tí a sọ ọ́ fún ti ṣì í gbọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìsìn ni a fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ Mùsùlùmí wà ní kíláàsì wa, ọmọ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bíbélì tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, wà lára àwọn ìwé tí ó fi ẹsẹ̀ èdè wa múlẹ̀ nínú àkọsílẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè máa kọ́ni ní ẹ̀dà-èdè kí á fi ojú fò ó dá.

Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni èsì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fọ̀. Bí a bá bi wọ́n pé kí ni Jésù ṣe nígbà tí ó pe ara rẹ̀ ní oúnjẹ ìyè, kíá ni wọn yóò dáhùn pé, ‘Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni, sà.’ Àwa náà yóò sì fún wọn ní máàkì. Ọmọ náà ti fún ọ̀rọ̀ ní orúkọ, ó rò pé òun ti túmọ̀ rẹ̀. A kò bi í pé èé ṣe tí ó fi jẹ́ oúnjẹ, tí kì í ṣe aṣọ tàbí ilé. Inú ìwé Jòhánù kan náà, Jésù pe ara rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀, ó sì pe ara rẹ̀ ní ilẹ̀kùn. Ènìyàn lè rí ìmọ́lẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má wọ inú rẹ̀. Ènìyàn sì lè gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá kí ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ sẹ́yìn. Oúnjẹ nìkan ni a kì í lò láìjẹ́ pé ó wọ inú ẹni, kí ó sì di ara ẹni. Oúnjẹ náà ni a kò lè bá ẹlòmíràn jẹ kí ebi tirẹ̀ tán. Ohun tí àmì yìí ń ṣe nìyẹn, tí orúkọ àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ kò lè sọ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ìtàn náà ṣe lọ. Nítòsí òkun Gálílì, Jésù fi ìṣù àkàrà báálì márùn-ún àti ẹja kékeré méjì bọ́ nǹkan bí 5,000 ọkùnrin, èérún tí ó ṣẹ́ kù sì kún agbọ̀n 12. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn náà wá a dé Kapernaumu. Ó sọ fún wọn pé nítorí pé wọ́n yó ni wọ́n ṣe ń wá òun. Àwọn náà rán an létí mánà tí àwọn baba wọn jẹ ní aginjù. Ìgbà náà ni ó wá sọ pé òun gan-an ni oúnjẹ. A rí i pé àmì náà kò já bọ́ láti òfurufú. Ara oúnjẹ tí adùn rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu wọn ni ó ti hù jáde.

Níhìn-ín ni ìtumọ̀ Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ sọ. Nínú èdè Gíríkì tí a fi kọ ìwé náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, artos, ni a lò fún ohun tí ọmọdékùnrin náà gbé lọ́wọ́ àti fún ohun tí Jésù pe ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Bíbélì Mímọ́, àkàrà ni ti àkọ́kọ́, onjẹ (oúnjẹ, ní àkọtọ́ òde-òní) sì ni ti èkejì. Okùn tí ó so ìtàn mọ́ ọ̀rọ̀ já síbẹ̀. Ọmọ tí ó ń ka Bíbélì ní Yorùbá kò ní fura pé ohun kan náà ni wọ́n jẹ lánàá tí wọ́n ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Àwọn kan lè sọ pé àṣìṣe ni. A kò gbà. Kí ni àkàrà ní ilẹ̀ wa? Ẹ̀wà lílọ̀ tí a dín nínú epo ni. A ń fi í mu ẹ̀kọ láàárọ̀, a sì ń dín in pín kiri bí arúgbó bá kú. Kì í ṣe ohun tí ilé gbé ọkàn lé bí àwọn Júù ṣe gbé ọkàn lé artos. Bí a bá sọ pé ‘àkàrà ìyè’, ọkàn ẹni tí ó gbọ́ yóò lọ sí ìdí agbada alákàrà. Ìyè wá kọ́, ìpápánu ni. Àwọn atúmọ̀ yan oúnjẹ, wọ́n sì yàn án re. Nínú ìtàn, ẹ̀wẹ̀, wọn kò lè kọ oúnjẹ márùn-ún, nítorí pé oúnjẹ kò ṣe é kà báyẹn. Ẹni tí ó bá ní kí á fi búrẹ́dì sí ojú méjèèjì yóò so okùn náà padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n búrẹ́dì náà kì í ṣe òpó oúnjẹ lọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ pé ọ̀rọ̀ kan ni méjèèjì.

Ọ̀nà ọnà-èdè kan tún wà tí Jòhánù fẹ́ràn: kí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ di ìtumọ̀ erefé mú. Nikodémù ń ronú bí àgbàlagbà yóò ṣe padà sínú ìyá rẹ̀. Obìnrin ará Samáríà ní kànga jìn, Jésù kò sì ní ohun tí yóò fi fa omi. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn gbọ́ pé ó ní oúnjẹ tí wọn kò mọ̀, wọ́n ń bi ara wọn bóyá ẹnìkan ti gbé oúnjẹ wá fún un. Àwọn ìyẹn rọrùn. Ti orí kẹfà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé nígbà tí àwọn ènìyàn ń kùn, Jésù kò mú ọ̀rọ̀ náà rọ̀. Ó tún mú un le sí i. Ó dé orí ẹran ara rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Láti ẹsẹ 54, ọ̀rọ̀ Gíríkì tí a lò fún jíjẹ yí padà sí èyí tí ó sún mọ́ kí á fi eyín rún nǹkan. Yorùbá kò tẹ̀ lé e. Jẹ ni ó ń lò láti òkè délẹ̀. A pàdánù díẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí a pàdánù yẹn, a rí i gbà padà ní ibòmíràn. Òfin tí ó wà nínú Léfítíkù 17 ka ẹ̀jẹ̀ jíjẹ léèwọ̀ pátápátá, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ohun ìríra létí Júù. Létí Yorùbá ńkọ́? Ta ni ń jẹ ẹran ara ènìyàn, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Àjẹ́ ni. Àwọn oníwàásù kan máa ń yára bo èyí mọ́lẹ̀. Ní tiwa, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá ba etí jẹ́, kò sí ìdí tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn yóò fi pè é ní ọ̀rọ̀ líle ní ẹsẹ 60, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sì fi padà sẹ́yìn ní ẹsẹ 66.

Ìwé náà kò ṣàì fi ojú ọ̀nà hàn wá. Ní ẹsẹ 35, wíwá sọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó fi dojú kọ ebi, gbígbà á gbọ́ ni ó sì fi dojú kọ òùngbẹ. Ní ẹsẹ 63, ó ní ẹran ara kò ní èrè, pé ẹ̀mí àti ìyè ni ọ̀rọ̀ òun. Nígbà tí Pétérù sì dáhùn ní ẹsẹ 68, kò dárúkọ oúnjẹ mọ́; ọ̀rọ̀ ni ó dárúkọ. Pétérù ti túmọ̀ àmì náà. Síbẹ̀, àwọn Kátólíìkì àti àwọn mìíràn ka ẹsẹ 51 sí 58 mọ́ oúnjẹ alẹ́ Olúwa, wọn kò sì kà á láìní ẹ̀rí nínú ìwé. Èrò tiwa ni pé ìdajì àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí ó darí kíkà wa, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ inú ìdajì kejì nù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbe èyíkéyìí lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ tí ó tọ́ yẹ kí ó gba máàkì. (Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fa jẹ àti mu yọ nínú májẹ̀mú láti fi gbe àlàyé tirẹ̀ lẹ́sẹ̀, kí ó kọ́kọ́ tẹ́tí sí ohùn ọ̀rọ̀ náà.)

Ọmọ Yorùbá ti ní kọ́kọ́rọ́ yìí lọ́wọ́ kí ó tó dé ilé-ìwé. A ń jẹ oyè, a ń jẹ ogún, a ń jẹ gbèsè, a sì ń jẹ ìyà. Kò sí ọ̀kan tí ó gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá. A ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odindi. Ibi tí ọ̀rọ̀ ń wọ̀ lọ nínú òwe yìí kò jìnnà sí ibi tí ìwé kíká wọ̀ nígbà tí Èsékíẹ́lì jẹ ẹ́ ní orí kẹta ìwé rẹ̀, tí ó dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin. Ti Ìfihàn 10 dùn lẹ́nu, ó sì korò ní ikùn; ìyàtọ̀ náà tó kọ́ odindi ẹ̀kọ́ kan. Ámósì ní orí kẹjọ sọ̀rọ̀ nípa ìyàn tí kì í ṣe ti oúnjẹ, bí kò ṣe ti gbígbọ́ ọ̀rọ̀ Olúwa. Bí a kò bá sì fi àmì ohùn sí i, iyán ni ọmọ yóò kà.

Ọ̀rọ̀ kan kù, èyíinì ni wàrà. Nínú 1 Kọ́ríńtì 3, Hébérù 5 àti 1 Pétérù 2, ọmọ ọwọ́ ni àfiwé náà dá lé lórí. Ọ̀dọ̀ wa, wàrà jẹ́ ohun tí àwọn Fúlàní ń fún lára màlúù, tí wọ́n ń gbé tà. Ìyá kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí ọmọ tuntun ń ké fún lóru ni ọmú, ẹnikẹ́ni kò sì lè ra ìyẹn lọ́jà fún un. Bí a bá dé ibẹ̀ nínú kíláàsì, ẹ jẹ́ kí á kọ wàrà sí ojú pátákó bí ó ti wà nínú ìwé, kí á sì fi omi ọmú ṣe àlàyé rẹ̀.