Fáìlì Tí Kò Lórúkọ

Bí obìnrin bá sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, "Ẹ kú ewu ọmọ" là ń kí i. Àwọn tó dá ìkíni yẹn sílẹ̀ kò sọ àsọdùn: ewu ni wọ́n rí, ewu ni wọ́n pè é. Bí ewu náà bá wá borí ńkọ́? Ilé á pa rọ́rọ́. Wọ́n á sin òkú, wọ́n á wá alágbàtọ́ fún ọmọ bí ọmọ bá yè, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní orogún ló lọ́wọ́ sí i, tàbí ìyá ọkọ, tàbí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà. Kálukú á máa ti ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ìwádìí ikú abiyamọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní England àti Wales lọ́dún 1952, èyí tó ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lónìí. Bí abiyamọ bá kú, wọ́n á gba àkọsílẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó mójú tó o, wọ́n á sì yọ gbogbo ohun tó lè tú àṣírí ẹni kúrò kí àwọn olùyẹ̀wò tó rí i: orúkọ olóògbé, orúkọ òṣìṣẹ́, orúkọ ilé ìwòsàn. (Iṣẹ́ yìí gba làákàyè ju bí a ti rò lọ. Ní ìlú kékeré, ẹni tó bá gbọ́ "ìyá ìbejì tó kú lọ́jọ́ ọjà" kò tún nílò orúkọ mọ́.) Ohun tó ṣẹ́ kù ni ọjọ́ orí rẹ̀, iye ọmọ tó ti bí, wákàtí tí ìrọbí bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, ìgbà tí ibi ọmọ jáde, ìgbà tí wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń dà ju bó ṣe yẹ lọ, ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà, ìgbà tí dókítà dé. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á á rí ibi tí ikú gbà wọlé. Láàárín "a bèèrè ẹ̀jẹ̀" àti "ẹ̀jẹ̀ dé" ni. Kò sí orogún níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ọkọ̀ tí kò ní epo ló wà níbẹ̀, tàbí kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ sílé.

Àṣírí tí wọ́n pa mọ́ ló bí òótọ́ yẹn. Agbẹ̀bí tó mọ̀ pé wọn kò ní fi ìwé tí òun kọ mú òun á kọ ọ́ pé agogo méjì ni òun rí ẹ̀jẹ̀, agogo mẹ́ta ni òun tó pe dókítà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà á kọ agogo mẹ́ta fún méjèèjì. Wákàtí kan péré ló sọnù, inú wákàtí náà gan-an sì ni ẹ̀kọ́ wà. Ní Britain, fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n máa ń run àwọn fọ́ọ̀mù náà kí ìròyìn tó jáde, kí ẹnikẹ́ni má baà tọpa wọn padà sọ́dọ̀ ẹni kan. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ inú wọn kò run. Ìwádìí náà ló fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ dídì ń pa àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún. Nígbà tí ìlànà ìdáàbòbò jáde lọ́dún 1995, irú ikú bẹ́ẹ̀ dínkù.

Nílé wa níbí, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló wù mí jù. Lọ́dún 2009, nígbà Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Wọ́n yan òṣìṣẹ́ ìlera tí yóò máa tọ aboyún lọ sílé, wọ́n sì fún àwọn aboyún ní fóònù tí wọ́n lè fi pè é. Ìdádúró mẹ́rin ni wọ́n dojú kọ: ti inú ilé kí wọ́n tó pinnu láti lọ, ti ojú ọ̀nà, ti inú ilé ìwòsàn, àti ti ìgbà tí ilé ìwòsàn kan bá ń darí aláìsàn sí òmíràn. Lọ́dún 2010, wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n máa ròyìn ikú abiyamọ, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Ó wú mi lórí gan-an pé ìjọba tó ń fẹ́ kí aráyé yìn ín fi òfin béèrè àwọn òkú tirẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹbí olóògbé lè bi mí pé ṣé ọ̀daràn kò ní fara pamọ́ sábẹ́ irú ìbora bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó wúwo ni, n kò sì ní fi ẹnu fẹ́ ẹ dànù. Ilé ẹjọ́ ṣì wà fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣèkà, ẹbí sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ bí èèyàn wọn ṣe kú. Ṣùgbọ́n abiyamọ tí yóò wọ yàrá ìgbẹ̀bí kan náà lọ́la ni ìwádìí yìí ń ṣiṣẹ́ fún, òun náà sì lẹ́tọ̀ọ́.

Ìlà kan tún wà nínú fáìlì náà tí ojú mi máa ń lọ bá. Lẹ́yìn gbogbo wákàtí àti oògùn, wọ́n ní láti kọ bí ọmọ ṣe ṣe sí. Nígbà mìíràn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikú ìyá tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ pé ọmọ ké nígbà tí wọ́n bí i, àti pé ó ti ń mu wàrà.