Àtúnkọ Lẹ́yìn Ìsinmi: Ohun tí Achebe Gé Kúrò

Lójú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àtúnkọ kò ju àyẹ̀wò àmì ohùn àti sípẹ́lì lọ. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ tí ó gbé àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí ó sì tún padà sí i, ní ìbéèrè tí ó wúwo ju èyí lọ láti dáhùn: ìtàn ta ni ìwé yìí ń sọ gan-an? Iṣẹ́ tí Chinua Achebe ṣe lórí Things Fall Apart, èyí tí Wálé Ògúnyẹmí túmọ̀ sí Yorùbá ní Ìgbésí Ayé Okonkwo, fi èyí hàn kedere.

Nígbà tí Achebe lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ BBC ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1956, ìtàn ìran mẹ́ta ni ó wà nínú ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀. Gilbert Phelps, òǹkọ̀wé tí ó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, kà á, ó sì fẹ́ fi í han àwọn atẹ̀wé. Achebe kọ̀, lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ṣì kù. (Ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé mélòó ni í kọ irú àǹfààní bẹ́ẹ̀!) Nígbà tí ó padà dé Nàìjíríà, ó gé apá kejì àti apá kẹta kúrò, ó sì tún ìtàn Okonkwo nìkan hun. Ìdádúró mìíràn wáyé ní ọdún 1957, nígbà tí ó fi ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ó ní ránṣẹ́ pẹ̀lú pọ́n-ùn 22 sí ilé iṣẹ́ atáìpù kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù ń gorí oṣù, kò gbúròó rẹ̀, àfi ìgbà tí Angela Beattie, ọ̀gá rẹ̀, dé ibẹ̀ lọ béèrè. Ìyẹn kì í ṣe ìsinmi. Ìpayà lásán ni.

Èrè ìgékúrò náà hàn nínú àhunpọ̀ ìtàn. Nínú orí 25 tí ìwé náà ní, 13 ni Achebe lò kí Okonkwo tó sá lọ sí ìlú ìyá rẹ̀. Ọdún iṣu tuntun, ìjàkadì, ẹjọ́ tí àwọn egúngún dá, gbogbo rẹ̀ ni òǹkàwé rí. Yàtọ̀ sí àwàdà díẹ̀, òyìnbó kò tíì sí níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìlú dàrú, òǹkàwé mọ ohun tí ó sọnù. Bí ìran mẹ́ta bá ní láti pín ìwé kan náà, ó ṣòro kí Umuofia àtijọ́ tó rí irú àyè bẹ́ẹ̀.

Àdánù kan wà níbẹ̀ ṣá. Lẹ́yìn tí àwọn oníwàásù rán Nwoye lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Umuru, òǹkàwé kò rí i mọ́, kódà nígbà tí bàbá rẹ̀ pokùnso. Olùdánwò tí ó bá pe èyí ní àìbìkítà nínú ìfìwàwẹ̀dá kò wo ibi tí òǹkọ̀wé ti gé ìtàn. Nínú No Longer at Ease tí ó jáde ní ọdún 1960, Nwoye ti di Isaac, arúgbó tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ. Ẹnu rẹ̀ ni Obi, ọmọ rẹ̀, ti gbọ́ bí ó ṣe fi ilé sílẹ̀ àti ohun tí ó sọ nígbà tí wọ́n ròyìn ikú Okonkwo fún un. Ọ̀rọ̀ náà múni lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba gbólóhùn díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.